Ẹ̀yìn Òkúta Kọkànlélọ́gbọ̀n

…kejìlélógún. Àbí mo ti fo ọ̀kan? Rárá, mi ò fo ìkankan. Àmì pupa ló wà níwájú mi yìí, ọwọ́ èmi gan-an ló kùn ún, ó wọ́ díẹ̀ sí ọ̀tún bíi gbogbo ohun tí mo bá kùn láyé mi. Òkúta kejìlélógún nìyí. Ó ku mẹ́sàn-án kí n tó dé oríta. Kí n mí ná… kí n kàn dúró níbí, kí n mí.

Má bojú wẹ̀yìn. Iwájú ni kó o máa wò, bàbá yìí, iwájú. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà lẹ́yìn — afẹ́fẹ́, ọ̀gbun, àti orí igi tó kéré bí ewébẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ti ń rò ó nìyẹn. Má rò ó. Di àpáta mú.

Aago mélòó ló lù? Fóònù wà nínú àpò, ṣùgbọ́n kí n tó lè yọ ọ́ mo gbọ́dọ̀ fi àpáta sílẹ̀, àwọn ìka mi ò sì gbà. Ọmọ mi ní aago mẹ́jọ lòun máa gbéra lábúlé orí òkè. Abúlé sí odi àtijọ́, wákàtí méjì. Ẹlòmíì a lo mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yẹn yá, láti kékeré kì í rìn, eré ló ń sá. Odi sí oríta, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Tó bá ti dé oríta tó sì ya ọ̀tún, à bá ti pàdé báyìí. A ò tíì pàdé. Ìyẹn ni pé kò tíì débẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé…

Tàbí kó jẹ́ pé ó ti débẹ̀, ó sì ya òsì.

Rárá o. Ká má rí i. Kẹtàlélógún, níbo lo wà? Ìwọ nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Orúnkún yìí, jọ̀ọ́, má ṣe mí báyìí lónìí. Tó bá di ọ̀la, kó o máà tẹ̀ mọ́ tó bá wù ẹ́, mi ò ní bá ẹ jà.

Ta ló rán mi níṣẹ́ irọ́? Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó odi yìí ní àwọn ń wá pẹ́ńtà tó máa kun àmì sára òkúta, kí àwọn àlejò tó fẹ́ wá wo odi má bàa ṣìnà. Iṣẹ́ tí ò le. Ọ̀gá wa níbẹ̀, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì, fi ìka lu tábìlì, ó ní: “Òkúta kan, ojú méjì. Kùn ún lọ, kùn ún bọ̀. Ẹni tó ń lọ ò rí ohun tí ẹni tó ń bọ̀ ń rí.” Tó o bá ń gòkè, wàá kun ojú òkúta tó kọ sísàlẹ̀, kí ẹni tó ń gòkè lè rí i. Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, wàá kun ojú kejì, èyí tó kọ sókè, kí ẹni tó ń padà sílé lè rí tiẹ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é, tí ẹ̀rù ò bá bà á.

Tí ẹ̀rù ò bá bà á.

Ogójì òkúta ni, láti ẹsẹ̀ òkè dé ẹnu odi. Mẹ́rìnlá àkọ́kọ́, mo kùn wọ́n lọ, mo kùn wọ́n bọ̀, kò sẹ́ni tó lè já mi nírọ́ lórí ìyẹn. Ibẹ̀ tẹ́jú, koríko wà níbẹ̀, èèyàn lè jókòó jẹ búrẹ́dì. Láti ìkẹẹ̀ẹ́dógún lọ ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ẹ̀ han èèyàn. Kó o tó lè kun ojú kejì níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ dúró sókè òkúta, kó o kọjú sísàlẹ̀ gan-an, kó o tẹ̀ síwájú lé ọ̀gbun lórí, bọ́rọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, agolo ọ̀dà lọ́wọ́ kejì. Ọwọ́ wo ló wá kù tó o máa fi di nǹkan mú?

Mo débẹ̀ o. Mo fọwọ́ mi yìí kan ògiri odi. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ súfèé. Mo wá yíjú padà láti bẹ̀rẹ̀ ojú kejì — ayé yí. Ilẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ mi ò sí lábẹ́ mi mọ́. Mo ṣubú lulẹ̀, mo dì mọ́ ògiri bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé ìwé. Ìgbà tí mo máa sọ̀ kalẹ̀, àyà ni mo fi fà. Mo kọjú sí òkè, mo kọ̀dí sí gbogbo ayé, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, títí mo fi fẹsẹ̀ kan koríko. Agolo ọ̀dà ṣì kún dé ìdajì.

“Ṣó o kùn ún lọ?” “Mo kùn ún lọ, ọ̀gá.” “Ṣó o kùn ún bọ̀?”

“Mo kùn ún bọ̀, ọ̀gá.”

Ó ní òun máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra òun. Ó gòkè dé òkúta kẹwàá, ikùn ẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó gbá mi léjìká. “Ọwọ́ ẹ dáa.” Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Bàbá Olókè. Èmi tí mi ò kì í gba iṣẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ilé ilẹ̀ nìkan ni mò ń kùn. Tí wọ́n bá ti pè mí sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí, ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí nìyẹn.

Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́fà.

Láti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lónìí, mo mọ̀. Ìdí tí mo ṣe gbé agolo wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n oríta ni ikú wà, oríta ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àwọn yòókù, tí mo bá ń bọ̀… Tí mo bá ń bọ̀! Gbọ́ ara ẹ. Ohun tó o sọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn gan-an nìyẹn.

Ayàwòrán yẹn ńkọ́? Ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó ń kí gbogbo èèyàn. Ó tẹ̀ lé àmì mi gòkè láàárọ̀, wọn ò rí i nírọ̀lẹ́. Ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta láyé àtijọ́ ni wọ́n ti bá a lọ́jọ́ kejì, itan ẹ̀ ti kán, ó ṣì di kámẹ́rà mú. Wọ́n ní ó ń wo kámẹ́rà, kò wo ilẹ̀. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ pariwo ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. “Àwọn èèyàn yìí ò kì í wo ilẹ̀!” Ọlọ́run gbọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Torí pé oríta yẹn, ẹni tó ń gòkè ò lè mọ̀ pé oríta ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa rí, ìkejì fara pamọ́ sẹ́yìn àpáta. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló máa rí méjèèjì. Ti ọ̀tún, tóun jẹ́ ọ̀nà ilé, rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà ewúrẹ́. Ti òsì fẹ̀, ó dán, àwọn ọmọ ogun tó kọ́ odi ló là á láti máa fi wọ́ òkúta. Ta ni kò ní gba èyí tó fẹ̀? Ó máa gbé ẹ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta, ó sì parí síbẹ̀ — gbáà — bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Nínú oòrùn, ó ṣeé ṣe kó o rí i kó o tó dé etí ẹ̀. Nínú kùrukùru…

Kùrukùru ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ mo ti ń wò ó láti ìgbà tí mo wà ní òkúta ogún. Ó ti bo orí odi. Kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Yára. Má sáré. Yára, má sáré.

Mo ní fóònù lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn. Mo ní i lọ́wọ́, etí mi wà lára ẹ̀, ohùn ọmọ mi ń dún nínú ẹ̀. Orí àpáta kan lẹ́yìn abúlé tó ti lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó ti lọ gun ibẹ̀ láti pè mí.

“Bàbá mi, ẹ káàárọ̀. Mo ti parí o. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni mo gún lábẹ́rẹ́, ọ̀kan gé mi jẹ.”

“Ẹni tó gún ni lábẹ́rẹ́, ṣé kí wọ́n fẹnu kò ó lẹ́nu ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀ wálé lónìí. Mo ní ṣé ẹnì kan máa sìn ín wá. “Wọ́n máa sìn mí dé odi. Iṣẹ́ oko pọ̀ lọ́wọ́ wọn, mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ má ṣèyọnu, àmì wà.”

Àmì wà. Ọ̀rọ̀ ti dé eyín mi. Ọmọ mi, kò sí àmì lẹ́yìn òkúta, dúró de ẹni tó mọ̀nà. Gbólóhùn kan péré. Ará abúlé yẹn kankan ì bá sìn ín wálẹ̀, wọ́n lè fojú dídì rin òkè yìí, wọn ò nílò àmì ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan, ọmọ mi ì bá wà láìséwu. Mo wá la ẹnu, mo ní: “Kó o máa ṣọ́ra o.”

Kó o máa ṣọ́ra o! Ṣé bàbá nìyẹn? Mo gbé orúkọ mi wọ̀n, mo gbé ẹ̀mí ọmọ mi wọ̀n, mo ní kó máa ṣọ́ra. Ìgbà tí mo máa pè é padà, ó ti kúrò lórí àpáta yẹn. Mo pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Ìyá ẹ̀ bá mi níbi tí mo ti ń wá bọ́rọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ibùsùn. “Níbo lò ń gbé ọ̀dà lọ?” Mo ní mo fẹ́ lọ tún àmì orí òkè kùn. “Pẹ̀lú orúnkún wo?” Mo gbé agolo, mo jáde. Òun náà ò mọ̀. Ó ti sùn tì mí lọ́gbọ̀n ọdún, kò mọ̀.

Kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Òkúta yìí ń yọ̀. Ìrì kùrukùru ni. Di ibí mú… ibí. Ó dáa.

Ìbéèrè yẹn tún ń padà wá. Ọjọ́ tó gòkè lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó pè pé òun ti gúnlẹ̀. “Àmì yín hàn kedere, Bàbá mi.” Mò ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó wá ní: “Bàbá, ṣé òkè máa ń bà yín lẹ́rù ni?”

“Èmi kẹ̀? Èmi Bàbá Olókè?” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ máa sinmi dáadáa o.” Kí ló dé tó bi mí? Ta ló lè sọ fún un? Ọ̀gá ti kú. Ẹnikẹ́ni ò rí mi lọ́jọ́ tí mo fi àyà fà. Mo ti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò rí ìdí kankan. Bóyá ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni. Ọmọdé wo? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, kò ní ya òsì. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀nà rírìn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń mú un lọ sílé ìwé, tá a bá ti dé kọ̀rọ̀ kan, màá dá a dúró. “Bojú wẹ̀yìn. Wò ó dáadáa. Bí ọ̀nà ṣe máa rí nìyẹn tó o bá ń bọ̀.” Á yí padà pẹ̀lú báàgì tó tóbi jù ú lọ, á wò ó, á ní “Mo ti wò ó.” Olùkọ́ tí kò lè ṣe ohun tó ń kọ́ni. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi àgbà yìí ti ṣubú láti ọdún mẹ́fà, mi ò tíì bojú wẹ̀yìn.

Kejìdínlọ́gbọ̀n. Kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n. Ọkàn mi, rọra lù.

Kọkànlélọ́gbọ̀n.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbí. Mo pè é. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ti àgbàlagbà. Òkè dá a padà fún mi ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Ọ̀nà òsì nìyẹn, ó fẹ̀, ó ń dán. Ṣé ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ lónìí? Òkúta ni ilẹ̀ ẹ̀, òkúta ò ní sọ fún mi. Kí n lọ wo etí ẹ̀? Tí mo bá lọ wò ó, tí mo sì rí báàgì ẹ̀ nísàlẹ̀… kúlà funfun tó fi gbé abẹ́rẹ́ lọ… Rárá. Rárá. Kò tíì dé. Kọ́kọ́ kùn ún ná. Kùn ún kó tó dé.

Mo ti bọ́ sókè òkúta. Ó ku kí n yí padà. Ní ẹ̀ẹ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀… ẹ jẹ́ kí n tún un kà. Kò sí ẹni tó ń wò mí, màá fi ìdí jókòó, kí n yí i bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn. Báyìí. Díẹ̀ sí i. Ojú mi dì pinpin. Ẹsẹ̀ mi ti kan ẹ̀yìn òkúta. Lajú ẹ, bàbá yìí. Òkúta nìkan ni kó o wò, má wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Lajú ẹ.

Kí nìyí?

Nǹkan funfun kan. Ó gùn tó ìka méjì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú òkúta tí kò yẹ kí nǹkan kan wà. Pílásítà. Pílásítà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń lẹ òwú mọ́ ojú egbò. Wọ́n fi báírò ya ọfà sí i, ọfà náà kọrí sí ọ̀tún. Sí ọ̀nà ilé.

Ta ló… 

Mo gbójú sókè kí n tó rántí pé mi ò gbọ́dọ̀ gbójú sókè. Ọ̀gbun wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ mi níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn òkúta ọgbọ̀n, funfun kan. Lẹ́yìn òkúta kọkàndínlọ́gbọ̀n, òmíì. Òmíì tún nìyẹn. Wọ́n ń lọ sísàlẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ojú mi ò fi rí wọn mọ́. Mo ti kọjá lára gbogbo wọn láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà látàárọ̀, mi ò mọ̀, torí pé mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ tó ń gòkè lọ, pẹ̀lú kúlà ní èjìká, ó dúró ní òkúta kẹẹ̀ẹ́dógún, ó yí padà, ó sì wò ó dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ. Kò rí nǹkan kan. Ó lọ sí ìkẹrìndínlógún, ó yí padà, kò rí nǹkan kan. Ó wá yọ pílásítà jáde. Kò pè mí kó ní Bàbá, irọ́ lẹ pa. Ó ní àmì yín hàn kedere. Ó wá bi mí bóyá òkè máa ń bà mí lẹ́rù, ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí — èmi sì rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí, ó ní àmì wà. Kò sọ pé tèmi ni.

Ọjọ́ mẹ́ta lọmọ mi ti fi mọ̀ mí, tí mo ń sá gìrìgìrì kiri kó má bàa mọ̀ mí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, àbí? Jẹ́ ká sọ ọ́, kò sẹ́ni níbí. Mo bẹ̀rù kó má ṣubú, òótọ́ ni, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí fóònù wà létí mi, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ìṣubú tèmi ni mò ń wò. Ìyẹn ló ń dùn mí ju ọ̀gbun yìí lọ.

Etí pílásítà yìí ti ń ká. Ìrì ti rin ín. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún ká. Kùrukùru funfun, pílásítà funfun… tó bá sọ̀ kalẹ̀ wá nínú eléyìí, ṣé ó máa rí i? Jíjá ló máa já tó bá ṣe díẹ̀. Kò tíì dé. Mi ò mọ̀ bóyá kò tíì dé ni, tàbí bóyá… mi ò mọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan.

Ṣí agolo. Ọ̀dà ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Kọjú sísàlẹ̀. Tẹ̀ síwájú. Mò ń wo orí igi wọ̀nyẹn lábẹ́ mi, bọ́rọ́ọ̀ṣì ti kan òkúta. Ìlà kan, lábẹ́ pílásítà, kí n má bàa bo tiẹ̀. Ìlà kejì. Ó wọ́ díẹ̀ sí ọ̀tún.

Òkúta wẹ́wẹ́ kan yí lókè, lápá odi. Ó dákẹ́. Ewúrẹ́ ni, tàbí atẹ́gùn. Tàbí ẹsẹ̀ èèyàn. Mi ò lè yíjú wò ó báyìí, ọ̀dà ò tíì gbẹ, mi ò sì ní ọwọ́ tí mo máa fi di nǹkan mú. Tó bá jẹ́ òun ni… tó bá jókòó tì mí, tó sì tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní rẹ́rìn-ín.